Irin Tí Mo Fi Rọ́bà Pa Rẹ́

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi ti lé ní àádọ́ta ọdún lójú ọ̀nà, orí ibùsùn àìsàn yìí, ní ìlú Modena ní Ítálì, ni òtítọ́ ti wá bá a. Ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́ tán. Dókítà ní n kò ní rí ìgbà tí wọn yóò ká èso àjàrà ọdún yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè mí. Èmi Nerio Malagoli ni mo pa Ermes Bonvicini, dókítà eyín ará Reggio. Ìyàwó rẹ̀, Ivonne, ṣì wà láyé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, títí di òní ló sì ń pe ọkọ rẹ̀ ní òpùrọ́. Èmi ni òpùrọ́ náà.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe mọ́tò eré ni mo ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó ti oníbàárà nínú yàrá àṣàyàn, kí ó yan ohun tó fẹ́ kí a fi kún mọ́tò rẹ̀: irú awọ ìjókòó, àwọ̀ òwú tí a ó fi rán an, iná tó ń la kùrukùru já, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpótí kékeré tirẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Àṣà wa ni pé pẹ́ńsù ni oníbàárà máa ń fi sàmì ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà a ó mú un lọ jẹun, tortellini, ìyẹ̀fun tí a di ẹran sínú, nínú omi ẹran, àti wáìnì pupa tó ń hó, nítorí àwọn ọ̀gá wa gbà pé ẹni tí ebi ń pa máa ń yàn ju bó ti yẹ lọ. Bó bá yó tí ọkàn rẹ̀ kò yí, èmi ni n ó fi yíǹkì tẹ ojú pẹ́ńsù, òun yóò sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ láìtún un kà. Lọ́dọ̀ wa, àbùkù ni kí èèyàn máa yẹ ìwé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ jẹun wò.

Oṣù kẹrin ọdún 1973 ni Dókítà Bonvicini wá. Mọ́tò tí kò ní òrùlé ló fẹ́.

"Nerio, awọ tó bá wù ẹ́ ni kó o fi sí i," ló wí. "Àmọ́ irin ẹ̀yìn orí yẹn, mi ò gbọdọ̀ má gbà á. Ivonne ti mú mi búra. Ó ní tí n bá gbé mọ́tò wálé láìsí i, kí n yáa máa sùn sínú ẹ̀."

"Háà, Dókítà! Ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù ìyàwó?"

"Ta ni kì í bẹ̀rù ìyàwó? Ìwọ tí o ò tíì ní nìkan ni!"

A rẹ́rìn-ín. Ó tẹ pẹ́ńsù mọ́ àpótí irin náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fi ṣẹ́. Irin náà máa ń dúró lẹ́yìn ìjókòó, bí mọ́tò bá dojú dé, òun ni kò ní jẹ́ kó tẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀ pa.

Ẹ má bi mí pé kí ni Bonvicini fi ṣẹ̀ mí. Kò ṣẹ̀ mí rárá. Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ilé iṣẹ́ wa, ló ti fi òòlù lu ẹ̀yìn mọ́tò tí a fẹ́ tò fún un jáde sílẹ̀, ìlà rẹ̀ tó rọra ń sọ̀kalẹ̀ dé ìdí, oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà sì ni a sin ín. N kò fẹ́ kí irin kankan dúró sórí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi bí èèkàn ewúrẹ́. Ìgbéraga ni, mo mọ̀ báyìí. Nígbà tí a jẹun padà dé, Dókítà lọ fi tẹlifóònù kí ìyàwó rẹ̀. Mo mú rọ́bà, mo pa àmì náà rẹ́. Bí mo ṣe fẹ́ ìdọ̀tí rọ́bà náà dànù, ẹnìkan fẹ́ atẹ́gùn sí mi lọ́rùn lẹ́yìn. Mo yíjú wò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Dókítà wọlé, ó fọwọ́ sí ìwé, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Quinto, àgbà tó ń darí àwọn tó ń to mọ́tò, rí fọ́ọ̀mù náà.

"Nerio, pépà yìí ti họ níbí. Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti yí ọkàn padà ni, Bàbá Quinto."

"Lórí irin? Ọkùnrin oníwọ̀ntúnwọ̀nsì yẹn?"

"Ẹ ṣáà bá mi tò ó bí mo ṣe kọ ọ́."

Ó wò mí títí. "Èmi ò rí nǹkan kan o. Ọwọ́ ẹ ló kọ ọ́."

Lọ́jọ́ tí Dókítà wá gba mọ́tò, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ìjókòó. "Irin dà?"

"Inú ìjókòó ló wà, Dókítà. Ọ̀nà tuntun ni. Tí mọ́tò bá fẹ́ dojú dé, fúnra ẹ̀ ló máa fò jáde."

"Áà! Inú Ivonne á mà dùn o," ló wí. Ẹnu mi yìí! Ìbá kúkú ti yadi.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mọ́tò náà yọ̀ lórí ewé tútù lójú ọ̀nà òkè Abetone, ó sì dojú dé. Ìlà tí bàbá mi fi òòlù lù kò bàjẹ́ púpọ̀. Ọrùn Dókítà ló ṣẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Ivonne wọlé tọ̀ mí wá nínú aṣọ dúdú. Orí àga tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí ló jókòó sí.

"Ọ̀gbẹ́ni Malagoli, ọkọ mi sọ fún mi pé inú ìjókòó ni irin yẹn wà. A ya ìjókòó náà, fóòmù la bá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló parọ́ fún mi?"

Ìbá jẹ́ pé mo jẹ́ ọmọlúàbí, ibẹ̀ ni ǹ bá ti wólẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni mo gbé síwájú rẹ̀. "Ẹ wò ó, ìyáàfin. Àpótí irin ṣófo. Ọwọ́ wọn nìyí nísàlẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mo sọ èyí tó burú jù, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi mí. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò lè gbé ẹ̀rù obìnrin sínú mọ́tò. Wọ́n ní ìtàn kan làwọn máa pa fún yín."

Ó ti fọ́ọ̀mù náà padà sí mi. "Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìyáàfin."

Ó dìde, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà tó jókòó sórí àga yẹn tí kì í fọwọ́ pa ẹ̀yìn ọrùn. Ará Milano kan ní kí n pa fèrèsé tó ti wà ní pípadé dé. Obìnrin kan láti Zurich dìde fìrì: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń mí sí mi lọ́rùn?" Gbogbo wọn, kí n tó la ẹnu, àpótí irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń sàmì sí. Mo jí fọ́ọ̀mù Bonvicini gbé lọ sílé, kí n lè fi í pamọ́. Àmì tí mo pa rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, ó kọ́kọ́ rí bàìbàì, lẹ́yìn náà ó dúdú. Mo tún un pa rẹ́ títí pépà fi lu. Tábìlì ìyá mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ara igi tábìlì náà ni mo ti bá àmì pẹ́ńsù. Ẹ̀rù bà mí, ó sì ṣì ń bà mí.

Lọ́dún tó kọjá ni mo pàdé ọmọ wọn, Fiorenza, tí kò mọ ohun kankan. Ó ní màmá òun ti ra ibojì sí ìpẹ̀kun kejì ìtẹ́ òkú, nítorí màmá náà ní òun kò lè sùn ti òpùrọ́ títí ayé. Mo kí i pé ó dàbọ̀. Ojo ni mí.

Ìyáàfin Ivonne, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ foríjì mí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ tutọ́ sí orúkọ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbọ́, ẹ má fi ohun tó dára lójú yín ṣòwò lórí ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ìyáàfin, ọkọ yín pa ìbúra rẹ̀ mọ́. Irọ́ tí mo pa fún un ló gbé wálé fún yín, ó gbà pé òtítọ́ ni. Ẹ dákun, bí ọjọ́ bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n sin yín tì í.