Mo Ní Iyọ̀ Wà Nínú Yìnyín Náà

Ẹ gbé ife kọfí yín sílẹ̀. Àlùfáà, ẹ jókòó, Bíbélì yẹn lè dúró. Nivi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo yín pàtẹ́wọ́ sí, èmi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, ẹ sì rò pé ikọ́ ló dí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe ikọ́. Wọ́n ní irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ dáadáa, òní sì ni òtítọ́ bá a. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, ilẹ̀kùn ń bẹ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ rántí ohun tí Nivi sọ nípa ọmọ tó bí yìí. Ó ní, "Bàbá àgbà, dókítà ní ẹ ò ní pẹ́ lọ. A ò tíì sàmì fún ọmọ yìí, ẹ̀yin là ń dúró dè. Tí ẹ bá ti lọ, Enos ló máa jẹ́." Orí itan mi ni ọmọ náà wà bó ṣe ń sọ ọ́. Àṣà wa ni, mi ò bá a jà: orúkọ ẹni tó kú la fi ń pe ọmọ tuntun, kí òkú má baà dúró síta nínú òtútù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti wà níta láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Manasse ni, bàbá tó bí ìyá Nivi, ọkọ Jakobine tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yẹn. Kò sí ọmọ kankan ní Tiilerilaaq, ìlú wa yìí, tó ń jẹ́ Manasse, gbogbo yín sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ní ta ló máa fi orúkọ ẹni tó mutí yó wọ inú yìnyín sọ ọmọ rẹ̀? Ọtí kò kan Manasse lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀mùtí.

Láti orí omi ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀rọ ń bú ramúramù nídìí ọkọ̀ yín, ẹ rò pé òkun kan náà ló wà níwájú ilé wa láti ọdún dé ọdún. Irọ́ ni. Ìṣàn òkun tó ń ti àríwá bọ̀ ń ru yìnyín ńláńlá wá bá wa. Tí oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá mú un, á máa yọ́ bó ṣe ń rìn, omi tí kò níyọ̀ á wá tẹ́ lórí omi iyọ̀ bí òróró lórí ọbẹ̀. Tí òtútù bá mú tán, á dì, iyọ̀ á sì padà gba ojú òkun. Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni omi dídùn náà máa ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn sì ni ẹran tí a bá yìnbọn fún kì í léfòó, torí omi dídùn kì í gbé ẹran ró. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ní kí a kọ́kọ́ sọ ọ̀kọ̀ olókùn mọ́ ọn lára, kí àpò awọ tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, tó wà nídìí okùn náà, lè gbé e dúró, kí a tó yìnbọn.

Mo mọ̀ ọ́n, mo sì yìnbọn. Manasse wà nínú káyàkì rẹ̀, ọkọ̀ awọ tóóró tí ẹnì kan ń dá tù, ó ń yọ́ tọ àbùùbùtán oníwo kan lọ, ọ̀kọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀kọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ba ẹran ló ni ín. Èmi wà nínú ọkọ̀ onígi lẹ́yìn, ojú mi pọ́n, mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi. Mo yìn ín lórí. Ẹran tí ìbá bọ́ gbogbo ìlú rì bí òkúta. Manasse kò bú mi lórí omi. Ó dúró di ìgbà tí a pé jọ mu kọfí nílé ìyá mi, ó dìde, ó ní, "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Enos o. Ebi ti ń pa òkun, ọjọ́ ti pẹ́." Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń tu ọkọ̀ báyìí, àwọn ọmọdé á máa pariwo létí omi: "Enos, kí ni òkun máa jẹ lónìí?" Vittus, ohùn tìẹ ló ga jù nínú wọn. Má wolẹ̀, èmi ni kó o wò.

Òtútù tètè dé lọ́dún náà. Omi dídùn pọ̀ lójú òkun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì dì kíá. Mo gbé ọ̀pá onírin láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ dán yìnyín wò. Ó mọ́ gaara, ó le. Mo gé díẹ̀, mo fi sẹ́nu, kò sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Yìnyín oníyọ̀ máa ń tẹ̀ kó tó là. Á kìlọ̀ fún ọ, ajá á mọ̀, ìwọ náà á mọ̀. Yìnyín omi dídùn kì í tẹ̀. Á gbé ọ, á gbé ọ, á sì là lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá níbi tí ìṣàn òkun bá ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́. Lórí irú rẹ̀, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn ṣáájú ajá, tí á máa fi ọ̀pá gún iwájú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò láàárọ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìwọ̀sí sì ni kí onítọ̀hún tún un tọ́ wò. Ọ̀tá ẹni pàápàá, a kì í purọ́ yìnyín fún un.

Manasse dé pẹ̀lú àwọn ajá rẹ̀. Ó ní, "Enos, o tètè jí o! Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

Mo ní, "Iyọ̀ wà nínú ẹ̀ dáadáa."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní yìnyín ni? Máa lọ jàre."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Tí mo bá pa ẹran síìlì nínú omi, ìwọ lo ni ẹ̀dọ̀ ẹ̀." Ó fò lé ọkọ̀ tí ajá ń fà, ó sì ké sí wọn.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó kú. Mo fẹ́ kó rì dé itan ni, kó gbé ṣòkòtò dídì wálé, kí ẹ̀yin náà rí ẹlòmíì fi ṣẹ̀rín. Ìrònú òmùgọ̀ ni. Nítòsí erékùṣù, níbi tí ìṣàn ti le, mo rí i tí ajá iwájú dúró, mo sì gbọ́ tí yìnyín dún bí igi tó dá. Mo sáré lọ. Bí mo ṣe ń sáré, mo ń fi ọ̀pá gún iwájú mi. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa: èmi gún tèmi. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ajá tí okùn wọn já ló kù, wọ́n ń hu.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Jakobine, tìẹ ló kàn. Oyún wà nínú rẹ, o sáré wá bá mi létí omi, o di ẹ̀wù mi mú, o ní, "Enos, ṣé ó bá ọ sọ̀rọ̀? Kí ló sọ?" Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ ní, "Ta ló kọ́kọ́ tọ́ yìnyín wò?" Mo ní, "Kò dúró. Ó ń kọrin kọjá, ọtí ń rùn lẹ́nu ẹ̀." O ní, "Manasse kẹ̀? Láàárọ̀?" Mo ní, "Má jẹ̀ẹ́ n tún un sọ." Nígbà tí o bímọ, o fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ náà, nítorí orúkọ wa kò mọ akọ, kò mọ abo. Ìyá rẹ ní, "Orúkọ ọ̀mùtí? Kí òun náà lè rì?" Mo wà níbẹ̀, kéèkì wà lẹ́nu mi, mo jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹran wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ, tí ẹ ń pè mí ní èèyàn ire.

Àlùfáà ń wò mí, ó ń retí kí n sunkún, kí n tọrọ ìdáríjì. Mi ò ní tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Irọ́ kan ni mo pa. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ dàgbà. Vittus fi kọrin. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló rí ìgò ọtí? Ó dùn mọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bú mi tán, ẹ bú ara yín díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní òun ti tọ́ yìnyín wò, ẹ kí i, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì fi ahọ́n yín tọ́ ọ. Bó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Jakobine, wá gbé ọmọ yìí kúrò lórí itan mi. Má wò mí, òun ni kó o wò. Pè é. Pè é sókè, kí wọ́n gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ ò rí i bó ṣe yíjú? Àlùfáà, lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni kí ẹ sàmì fún Manasse, ẹ má dúró de ikú mi. Nígbà tí mo bá sì lọ, ọmọ yòówù tí wọ́n bá bí nílùú yìí, akọ tàbí abo, ẹ má pè é ní Enos. Ẹ jẹ́ kí òtútù mú mi.