Èmi Ni Mo Ṣí Ìkòkò Merab

Ẹ̀yin ẹbí Bàbá Bidzina, ẹ̀yin ará abúlé tí ẹ péjọ fún ogójì ọjọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dìde láti yin òkú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀. Inú ìwé ni mo kọ ọ́ sí, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá ń sọ ọ́ látorí, màá fo ibi tó burú jù. Púpọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Rezo ni mí, olùkọ́ kẹ́mísírì láti Tbilisi, àlejò tí bàbá gbà sílé tó sì sọ di ọmọ. Orúkọ obìnrin kan bàjẹ́ nínú ilé yìí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Natela ni mò ń wí. Òun kọ́ ló ṣe é. Èmi ni.

Ta ni kò mọ ìtàn ìkòkò Merab nínú yín? Ọdún tí Merab, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí, lọ sógun Abkhazia, bàbá rọ wáìnì ìkórè ọdún náà sínú ìkòkò amọ̀ tó rì mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri nínú ilé wáìnì. Ó fi òkúta pẹlẹbẹ dé e, ó fi amọ̀ tó fi odidi ọjọ́ méjì pò dí etí rẹ̀ pa, ó sì kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó ní, "Ọjọ́ tí Merab bá wọlé la ó ṣí i. Bí kò bá fẹsẹ̀ rìn wálé, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wálé ni." Natela ìyàwó Merab kò tíì lo oṣù mẹ́rin nílé ọkọ nígbà yẹn. Ó dúró. Ọdún ń gorí ọdún, ó dúró.

Ọdún mẹ́wàá rèé tí èmi àti Hatuna ìyàwó mi kọ́kọ́ wá. Bàbá ti ń fi yàrá méjì òkè gba àlejò nígbà náà. Kì í ṣe pé owó ìsinmi pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìgbéyàwó wa ló ń kú lọ. Hatuna ló sọ ọ́: "Rezo, bí a kò bá jáde kúrò nínú ìlú yìí fún ọjọ́ mẹ́ta péré ká rí ojú ara wa, a ó kọ ara wa sílẹ̀ ni. Má sì kó ìwé àlọ́ rẹ kankan dání." Àlọ́, òǹkà, àdììtú, ìyẹn ni àìsàn mi láti kékeré. Ohun tí ẹlòmíràn bá dì, ọwọ́ mi kì í sinmi àfi tí mo bá tú u.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, bàbá gbé ife lé mi lọ́wọ́. "Olùkọ́, ẹnu lẹ fi ń mu wáìnì ní Tbilisi, àbí ẹ máa ń kà á ni?"

Natela ti àwo wàrà líle àti búrẹ́dì gbígbóná sún mọ́ mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó jẹun ná. Ẹ ò rí ọrùn rẹ̀ bí ọrùn ìgò?"

Hatuna bú sẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹta, gbogbo ilé lọ sóko àjàrà, nítorí ìkórè ti dé. Natela tú kọ́kọ́rọ́ ilé wáìnì kúrò nídìí aṣọ rẹ̀. "Àbúrò, gbà. Bu wáìnì ọ̀sán nínú ìkòkò ẹnu ọ̀nà. Ti ẹ̀bá ògiri yẹn, má débẹ̀ o. Bàbá á pa èmi, á sì fi ìwọ lé e." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

Mo débẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, ìyẹn ni mo sọ fún ara mi: wáìnì tó ti lo ọdún méjìlélógún nínú amọ̀, ṣé ó ṣì wà láàyè àbí ó ti kú? Ìwé kan ní báyìí, òmíràn ní báyẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ ni kí n dá ìwé lẹ́bi. Mo fẹ́ mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́ wò lọ bá ìyàwó mi, kí n lè dà bí ọkùnrin lójú rẹ̀. Mo wa iyẹ̀pẹ̀, mo fi ẹnu ọkọ́ ṣí òkúta náà. Òórùn tó jáde rọra lù mí lójú bí ẹni pé ènìyàn mí sí mi. Ife kan ṣoṣo ni mo bù. Lẹ́yìn náà mo po amọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo lẹ̀ ẹ́ padà, mo kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Hatuna jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé. "Ta ló fún ọ?"

"Bàbá ni. Ó ní kí n fi ṣìpẹ̀ fún ọ."

Ó mu ún, ó dijú, omi dà lójú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú. Orí irọ́ yẹn ni a tún ìgbéyàwó wa kọ́.

Ní ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá pè mí. "Rezo, wọ́n ti dá egungun Merab mọ̀. Ọmọ mi ń bọ̀ wálé. Ẹ máa bọ̀." Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín. Nígbà tí a ti ibojì dé, bàbá fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ ṣí ìkòkò náà. Òórùn kíkan gba gbogbo ilé. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu. Kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú dànù.

Màmá Tamro, àbúrò bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀. Mi ò bú yín. Ẹ ní, "Ìkòkò kì í ṣí ara rẹ̀. Obìnrin tí kò ní ọkọ nílé, tí kọ́kọ́rọ́ wà nídìí rẹ̀, ta ló mọ ọkùnrin tó ń bù ú fún?"

Bàbá wá yíjú sí mi. "Rezo, ìwọ lo kàwé níbí. Ọmọ mi, ṣé ó lè bàjẹ́ fúnra rẹ̀?"

Mo lè sọ pé "Èmi ni." Kódà mo lè purọ́ pé ó lè bàjẹ́ fúnra rẹ̀, irọ́ náà ì bá sì gba Natela là. Kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ìkòkò náà, mo ṣa amọ̀ tó ti sán sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi han gbogbo yín: ti ìsàlẹ̀ pupa, ó dán, ti òkè funfun, koríko wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kò bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ti ṣí i, atẹ́gùn sì ti wọ̀ ọ́. Ọwọ́ tó dì í kẹ́yìn kì í ṣe ọwọ́ yín." Kí Ọlọ́run má ṣe gbàgbé, kí n má sì gbàgbé: bí mo ṣe ń sọ ọ́, inú mi dùn díẹ̀ pé mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Natela wò mí. Ó ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni mo ṣí i."

Bàbá ní, "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́, ìyàwó mi? Ṣé ẹ̀mí àìrí ló gbà á lọ́wọ́ rẹ ni?"

Ogójì ọjọ́ Merab kò tíì pé tí Natela fi di ẹrù rẹ̀, tó gba Ítálì lọ láti máa tọ́jú arúgbó ẹlòmíràn. Bàbá kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Nínú mọ́tò lọ́jọ́ ìsìnkú Merab, bí a ṣe ń padà sílé, Hatuna ní, "Rezo, wáìnì tí o gbé wá fún mi lábẹ́ igi, ta ló fún ọ?" Mo ń wa ọkọ̀ lọ. "Yí padà. Padà lọ sọ fún wọn." Mi ò yí padà. Kí òjò dídì tó bọ́ lọ́dún náà, ó ti kúrò nílé mi.

Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo yà á kò gbàgbé. Lẹ́yìn tí bàbá kú tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pe Natela, mo pè é lórí fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láì fo ọ̀kan. Arúgbó kan ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀."

"Ẹ ti mọ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo padà wá mú ọ̀bẹ tí mo gbàgbé lọ́sàn-án yẹn. Mo rí ọ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní ife kan kò lè pa odidi ìkòkò. Àṣìṣe tèmi nìyẹn."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ lọ́jọ́ ìsìnkú?"

"Kí n na ìka sí àlejò lórí tábìlì ilé wa, lójú òkú ọkọ mi? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́. Mo dúró dè ọ́. Ṣebí dídúró ni iṣẹ́ mi."

Mo sunkún, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Má sunkún sí mi létí. Níbi tí wọ́n ti ba orúkọ mi jẹ́ ni kí o ti lọ tún un ṣe."

Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń wò mí, ẹ má rò pé irọ́ nìkan ló ń pa ènìyàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ìkòkò yẹn, òótọ́ ni. Ohun tí mo fi sílẹ̀ láìsọ ló pa orúkọ Natela.

Màmá Tamro, ẹ̀yin àgbà, mi ò tíì ní kí ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá ní kí n jáde, màá jáde. Nọ́ńbà Natela wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Ó ti jí báyìí, ó ń bọ́ arúgbó tó ń tọ́jú. Kí ẹ tó dá èmi lóhùn, ẹ pè é.