Pákó Ìsàlẹ̀ Pósí Bàbá Bámigbóyè

Agatha, gbé gìtá yẹn sílẹ̀ ná, kí o jókòó. Kátíkíìsì Emmanuel, ẹ kọ ohun tí mo bá sọ bí mo bá ṣe sọ ọ́, ẹ má bá mi tún un ṣe. Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, àyà tó ń dùn mí yìí kò sì ní jẹ́ kí n gbé e dé ọdún tó ń bọ̀. Èmi Jethro, káfíńtà Kàbà, olè ni mí.

Ní 1953 mo lọ kan àga ní Ẹ̀gbẹ̀, mo sì rí òyìnbó kan lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń fi gìtá kékeré olókùn mẹ́rin kọrin. Yukulélé ló pè é. Ó jẹ́ kí n gbé e lọ́wọ́, mo fi okùn wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, mo sì pinnu pé èmi náà á ṣe é. Kò sí ẹni tó ti ṣe é rí ládùúgbò wa. Ìgbéraga ni, kí ni mo tún fẹ́ pè é?

Igi tútù ni mo kọ́kọ́ lò. Mo bọ pákó tín-ínrín sínú omi gbígbóná, mo tẹ̀ ẹ́ yí ìdí ìkòkò gbígbóná ká kí ó lè ní ìbàdí. Ó tẹ̀, inú mi dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó là. Mo ṣe ìkejì, òun náà là. Igi tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń fẹ́, ibì kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa.

Agatha, pákó bàbá rẹ, Bàbá Bámigbóyè, ni. O mọ bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń la pákó pósí wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, tí wọ́n á kó o sórí àjà ilé ìdáná kí èéfín máa mú un gbẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ti bàbá rẹ fi wà lórí àjà kí ó tó kó o wá fún èmi àti Samuel, tí a jọ ń ṣiṣẹ́. "Ẹ bá mi pa á mọ́," ló wí. "Ẹ má fi igi míì sin mí o." Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá."

Èyí tó fẹ̀ jù ni mo mú, pákó ìsàlẹ̀. Mo fá a títí oòrùn fi ń hàn lára rẹ̀, mo fi ìka kàn án, ó dáhùn. Háà, ohùn yẹn! Mo fi ṣe gìtá yìí, okùn ìpẹja tí wọ́n rà ní Lọ́kọ́ja ni mo ta sí i. Mo wá gé pákó àràbà, igi fífúyẹ́ tí kò lágbára, ní ìwọ̀n kan náà, mo fi ẹ̀dú àti epo kùn ún títí ó fi jọ àwọn yòókù, mo sì tì í sáàárín wọn.

Bàbá rẹ kú nígbà òjò. Samuel ló kan pósí náà. Ó gbé pákó yẹn sókè, ó kí mi bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa, ó ní, "Okun o, Jethro. Pákó yìí mà fúyẹ́ jù."

Mo ní, "Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án nínú èéfín, kí ni kò ní fúyẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kàn án. Ó gbà mí gbọ́.

Ìyókù ṣojú yín. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pósí kalẹ̀ sínú sàréè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ já, ẹsẹ̀ bàbá yọ síta sínú ẹrẹ̀. Agatha, o figbe ta. Àwọn èèyàn wo igi tó ṣẹ́, wọ́n rí i pé àràbà ni, wọ́n yíjú sí Samuel. "O jí pákó òkú!" Samuel ò bá wọn jà. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Jethro, bá mi sọ fún wọn." Kátíkíìsì, ohun tó ń pa mí nìyí, kì í ṣe olè tí mo jà. Mo ní, "N ò mọ nǹkan kan. Samuel ló kàn án."

Ó di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó lọ ń dáko ní Odò-Àpé. Kò fọwọ́ kan òòlù mọ́ títí dòní. Èmi tí mo ṣe gìtá ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ Agatha lo wá yá gìtá lọ́wọ́ mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ń fi í kọrin, àfi bíi pé bàbá mi wà nítòsí." Mo gbé e lé ọ lọ́wọ́.

Má tíì sunkún, mi ò tíì parí. Kátíkíìsì, ẹ ka ìwé yìí lọ́jọ́ Ìsinmi níwájú gbogbo àwọn tó pe Samuel lólè. Agatha, fẹsẹ̀ ara rẹ lọ sí Odò-Àpé, kí o gbé gìtá náà lé e lọ́wọ́, kí ó fi ìka kàn án. Káfíńtà ni, á mọ igi náà. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Bí ó bá gbà láti kan pósí mi, kí ó fi àràbà kàn án. Bí kò bá gbà, ẹ ká mi sínú ẹní, ẹ má bá a jà.