Àdìrẹ tí Mo Gbé fún Bàbá Síkírá

Ẹ̀yin ará mi, àwọn èèyàn ń yìn mí nítorí ìmọ̀ràn kan tí mo gba ọmọ kan, ìyìn náà sì ti di ẹrù lórí mi. Irọ́ wà nínú ìmọ̀ràn náà. Ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọ náà ní kí n wá jẹ́rìí níwájú àwùjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Mọ́ṣáláṣí ló kọ́ mi níwèé ní Ajah níbí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó yá, wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mọ́ṣáláṣí náà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Síkírá, ọmọ apẹja kan. Ọmọ yìí a máa fi amọ̀ etí ọ̀sà mọ orí èèyàn. Ó mọ orí tèmi náà lọ́jọ́ kan, tòun ti fìlà, tòun ti imú mi tó tẹ́. Ó yẹ kí n bá a wí, nítorí àfáà ni mí, a kì í sì í fẹ́ ère láàárín wa. Ẹ̀rín ló pa mí. N kò rí irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó jáde girama, ó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà. Bàbá rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ pé kí n bá wọn yan ilé ẹ̀kọ́ tí apá òun ká. Méjì ni mo mọ̀. Ọ̀kan wà ní ìlú òkè lọ́hùn-ún, aṣọ híhun àti aró ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ibùgbé àti oúnjẹ rẹ̀ ju agbára apẹja lọ. Èkejì wà nígboro Èkó. Owó rẹ̀ fúyẹ́, Síkírá sì lè máa gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ọbáléńdé. Ṣùgbọ́n ère mímọ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Bàbá náà ní, “Àfáà, n kò ní í fi owó ẹja kọ́ ọmọ ní ère. Bó bá jẹ́ aṣọ ni wọ́n ń kọ́ ní ti Èkó yìí, kó máa lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹnu yín ni mo ń wò.”

Mo ní, “Aṣọ ni, Bàbá Síkírá.”

Mo wá sọ fún Síkírá pé bàbá rẹ̀ ti mọ̀ pé ère ni, pé ó gbà nítorí ìfẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé, kí ó má sì gbé ọ̀kankan wọlé. Ọmọ náà sunkún ayọ̀.

Ọdún kejì, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè aṣọ. Mo ra àdìrẹ lọ́jà, mo gbé e fún un, mo ní Síkírá ló rẹ ẹ́, pé ojú ń ti ọmọ náà, kí ó má bá a sọ ọ́. Bàbá náà wọ̀ ọ́ lọ Yídì. Ó ń na apá ẹ̀wù sí gbogbo ẹni tó bá pàdé. “Ọwọ́ ọmọ mi nìyí. Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń kọ́ òfin, ṣé ẹ lè wọ òfin wá Yídì?”

Gbogbo àsìkò yẹn, Síkírá ń ṣe dáadáa. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síléèwé kí owó ọkọ̀ má baà pọ̀. Bó bá dé fún ìsinmi, yóò jókòó ti bàbá rẹ̀ láti àárọ̀, wọn yóò jọ máa tún àwọ̀n ṣe. Kò fi ìrun ṣeré, kò sì ráhùn rí.

Kò pẹ́ tó parí ẹ̀kọ́ ni àìsàn dá bàbá rẹ̀ wólẹ̀. Mo lọ kí i. Ó ní, “Àfáà, aláró ni ìyá tó bí mi. Títí a fi sin ín, ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ọwọ́ Síkírá kò dúdú. Amọ̀ ni mo ń rí lábẹ́ èékánná rẹ̀.”

Mo ní amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìkòkò aró.

Ó wò mí títí. Ó ní, “Ó dáa. Iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́.” Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú.

Síkírá ti di olùkọ́ iṣẹ́ ọnà báyìí. Ó ti mọ orí bàbá rẹ̀, mo sì ti rí i. Ó jọ ọ́ débi pé mo fẹ́ kí i. Ó fẹ́ gbé e kalẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ kí n sọ fún àwùjọ bí apẹja kan ṣe mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́, tó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò lè sọ pé inú mi kò dùn sí ohun tí ọmọ náà dà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé n kò fún bàbá rẹ̀ láyè láti gbà. Bóyá ì bá gbà. Bóyá ó tilẹ̀ ti gbà lórí ẹní àìsàn yẹn, tó ń dúró de kí n sọ òótọ́, kí òun lè pe ọmọ rẹ̀ sọ fún un.

Bí mo bá sọ ọ́ fún Síkírá, mo gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, mo tún parọ́ mọ́ òkú. Mo bẹ Ọlọ́run, mo bẹ ẹ̀yin náà. Ọjọ́ ti sún mọ́lé. Kí ni kí n sọ nígbà tí wọ́n bá ní kí n dìde?