Ohun Tí Mo Kà Sétí Waliyah

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù wa, èmi Ṣùkúrátù Fàsásì tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Tíṣà ni mo kọ ìwé yìí. Dókítà ti ní kí n máa lọ sílé, kí n lọ máa jẹ ohun tó bá wù mí. Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu dókítà kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nǹkan kan wà tí mo ti fi pamọ́ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹ lè sọ pé ikú ló lé mi débi ká sọ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ara mi le ni, ǹ bá má sọ ọ́ láéláé. Ẹ ti ibẹ̀ mọ irú ẹni tí ẹ ń bá ṣe ẹgbẹ́.

Ẹ ó rántí ọdún tí a gbé oúnjẹ ìṣínu lọ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Alhaja Fàlílátù, olórí wa, kọ orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò sínú bébà, ó ká wọn, ó kó wọn sínú abọ́, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan. Ó ní, "Ẹni tí ẹ bá mú, ẹ̀yin ni kí ẹ máa kọ lẹ́tà sí i o. Ẹ má ti ẹrù yín sí ẹlòmíì lọ́rùn." Ìdrís ni mo mú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Òun àti awakọ̀ kan ló jọ jà sí èrò létí ọ̀sà, ó ti onítọ̀hún, ìyẹn fi orí gbá etí ọkọ̀, ó sì kú. Ọdún mẹ́jọ ni adájọ́ fún un. Kò pẹ́ tí a lọ síbẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n mìíràn lókè ọya, níbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ nínú yín kọ lẹ́tà kan, bó pọ̀ jù, méjì, ẹ sì gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Torí rẹ̀ ni ẹ ṣe máa ń yìn mí nípàdé, tí n ó sì tẹrí ba bí èèyàn gidi. Ẹ má yìn mí mọ́.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi ti kú, ẹ sì mọ̀ pé mi ò bímọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ní ìwé, tí wọ́n ń kí mi ní ìdíkọ̀ Benson ní Ìkòròdú níbí tí mi ò mọ orúkọ wọn mọ́. Nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Ìdrís kọ dé, àṣìkọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo mú bíró pupa, mo máàkì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo dá a padà pẹ̀lú èsì mi. Mo rò pé yóò bínú. Ó kọ̀wé padà pé, "Ìyá mi, ẹ fún mi ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ má bínú, n ó ṣe dáadáa sí i." Ìyá tó bí i ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Mo ka "Ìyá mi" yẹn nínú ilé pósítì, mo jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń lọ wo àpótí ìfìwéránṣẹ́, ṣe ni mo máa ń tọ́jú ojú bí ìyàwó tuntun.

Ìdrís ní ìyàwó kan ní Ẹ̀pẹ́, Waliyah lorúkọ rẹ̀. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje nígbà tí wọ́n mú ọkọ rẹ̀. Ẹja ló ń yan tà. Kò mọ̀wé, torí kíláàsì kejì ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níléèwé pé kó wá jókòó ti ẹja. Ìdrís bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun ka lẹ́tà sí i létí. Ni mo bá ń wọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, mo ń gba Ìtòkín kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù méjì. Waliyah á fi kànrìnkàn fọ ọwọ́ kí òórùn ẹja má baà bà mí, á jókòó sílẹ̀ níwájú mi, á gbé ọmọ rẹ̀ Hasanat sórí ẹsẹ̀, á ní, "Ìyá ọkọ mi, ẹ kà á. Ẹ rọra kà á." Ohun tí Ìdrís kọ ni mo ń kà nígbà yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra.

Ṣùgbọ́n ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan tí kò yẹ kó wò. Níbẹ̀rẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin ni Ìdrís ń kọ sí mi, ẹyọ kan fún ìyàwó. Nígbà tó yá, tèmi di ẹyọ kan, ti Waliyah di mẹ́rin. Mo ń gbé ìfẹ́ ọmọ mi lọ fún ẹlòmíì nínú báàgì mi! Ẹ wo bí mo ṣe sọ ọ́: ọmọ mi. Mo ti kùn yàrá tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Agric fún un, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì sí i. Mo kọ̀wé sí i pé yàrá ti wà nílẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé, "Ìyá mi, Ọlọ́run á san yín lóore. Ṣùgbọ́n bí mo bá jáde, Ẹ̀pẹ́ ni mo ń lọ tààrà. A ó máa wá kí yín lọ́dún." Kí mi lọ́dún! Bí wọ́n ṣe ń kí ìyá arúgbó tí kò ní ẹnìkan. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn, mi ò sì ṣí i fún oṣù kan gbáko.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ààwẹ̀ wọlé ní ọdún kejì tí mo ń kọ̀wé sí i, ni lẹ́tà kan dé tí kò ju ojú ìwé kan lọ. N ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ síbí bó ṣe wà: "Waliyah, ọdún ṣì pọ̀ níwájú. Mi ò fẹ́ kí o fi ìgbà èwe rẹ ṣòfò lórí mi, mi ò sì fẹ́ kí o dẹ́ṣẹ̀. Bí o bá ṣì ń dúró dè mí, fi ohùn rán Ìyá wa sí mi, ohun yòówù kó jẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó. Bí wọ́n bá kéde pé oṣù ààwẹ̀ ti lé tí n kò gbọ́ ohùn rẹ, mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Lọ fẹ́ ọkọ, n kò ní bínú." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe eré nínú ẹ̀sìn wa. Ọkùnrin náà ti gbé ìgbéyàwó rẹ̀ lé oṣù lórí, ó sì fi èmi ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo mú lẹ́tà náà, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Títí tí mo fi dé Ìtòkín, òótọ́ ni mo ní lọ́kàn láti kà. Waliyah jókòó sílẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó. Mo tú ìwé náà, mo wo ojú rẹ̀, mo sì ka èyí tí kò sí níbẹ̀: "Waliyah, ara mi le. Fara dà á. Kí Hasanat máa gbọ́ràn. Wọn kì í jẹ́ ká kọ̀wé púpọ̀ mọ́, má ronú bí o kò bá gbúròó mi." Bí mo ṣe dé orí "fara dà á," ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ó rò pé mo fẹ́ lọ síbì kan ni?" Ó ní kí n dúró. Ó wá bébà àti bíró, ó tẹ́ ọwọ́ Hasanat lé e, ó fi bíró yí àwọn ìka rẹ̀ ká. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín torí ó ń rìn ín. Waliyah ní, "Ìyá, mi ò lè kọ nǹkan kan, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ẹ ní kó wo bí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ ní a wà níbi tó fi wá sí."

A ní kí n fẹ́ni lójú, mo fi ata sẹ́nu. Ọwọ́ yẹn ni èsì tí Ìdrís ń béèrè, ó pé pérépéré. Nọ́ńbà àlùfáà tó ń ṣe wáàsí fún wọn nínú ẹ̀wọ̀n wà lórí fóònù mi. Ká ní mo ya fọ́tò ọwọ́ yẹn, kí n fi í ránṣẹ́ sí i lórí wasáàpù, Ìdrís á ti rí i kó tó di ọ̀la. Mo fi bébà náà sínú àpótí mi lábẹ́ aṣọ. Mo sọ fún ara mi pé n ó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde oṣù ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun mọ́gàríbì, gbogbo yín ń kí ara yín kú oríire. Ẹ dì mọ́ mi, èmi náà dì mọ́ yín. Mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni, mo kàn jókòó ni, oṣù sì lé. Nígbà tí Ìdrís kọ̀wé béèrè, mo dá a lóhùn pé, "Mo kà á fún un. Kò sọ nǹkan kan."

Mo rò pé yóò sọ pé, "Ìyá mi, ó ku èmi àti ẹ̀yin." Kò kọ ìwé sí mi mọ́. Ẹni tó jọ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, Bísíríyù, ló kọ̀wé lẹ́yìn Iléyá. Ó ní ibà mú Ìdrís, wọ́n fún un lóògùn, kò lò ó. Bísíríyù ní òun bẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń sọ pé, "Kí n sàn kí n lọ bá ta ni?" Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Mo wà láyé, yàrá tí mo kùn wà láyé, kò kà mí sí ẹnìkan tí wọ́n ń lọ bá. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Èmi ni mo lọ túfọ̀ fún Waliyah. Ó ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá fún ọkùnrin tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò mọ̀. Ọkùnrin náà kú pẹ̀lú èrò pé ó ti lọ fẹ́ ẹlòmíì, òun náà kò mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Àwọn ọkùnrin wá fẹ́ ẹ lẹ́yìn náà, ó ní ọkọ òun sọ pé kí òun fara dà á.

Nígbà tí àìsàn yìí dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí i. Òun àti Hasanat kó ẹrù wọn wá láti Ẹ̀pẹ́. Ó ní, "Ẹni tó tọ́jú ọkọ mi títí tó fi kú, ṣé n ó wá fi í sílẹ̀ ni?" Yàrá tí mo kùn fún Ìdrís ni wọ́n ń sùn. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń gbé mi. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí ó bá ti kírun tán, á ní kí n ka lẹ́tà ìkẹyìn Ìdrís fún òun, á sì lọ mú un wá fúnra rẹ̀ látinú àpótí. Èmi á di ìwé tí ọkọ rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀ mú, n ó máa ka irọ́ mi látorí. Lọ́jọ́ kan mo fo gbólóhùn kan. Ó ní, "Rárá, Ìyá. Lẹ́yìn 'fara dà á,' ó ní kí Hasanat máa gbọ́ràn." Ó ti há a sórí bí ẹni tó há Fátíhà.

Ohun tó lé mi dé orí bébà yìí gan-an nìyí. Hasanat ti wà ní praimárì kejì. Èmi ni mo ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà lórí bẹ́ẹ̀dì mi níbí, torí tíṣà ni tíṣà ń jẹ́, kò lè rí ọmọ kó má kọ́ ọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń kà, ó dúró lẹ́yìn mi, ó na ìka sí orí ìwé náà, ó ní, "Wa-li-yah. Ìyá àgbà, orúkọ mọ́mì mi rèé." Ó ń fi ìka tọ ìlà náà lọ. Mo ká ìwé náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì rò pé mo ń bá òun ṣeré.

Ẹ̀yin obìnrin, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Waliyah. Mi ò mọ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà dárí irú èyí jini, Ìdrís ò sì sí níbi tí n ó ti bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ọ̀kan nínú yín ka ìwé yìí fún Waliyah, kí ó má jẹ́ Hasanat ni yóò kọ́kọ́ ka lẹ́tà Ìdrís sí i létí. Bébà ọwọ́ ọmọ náà wà nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́, bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹlẹ́wọ̀n, ẹ kọ ọ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ̀wọ̀n dè é mọ́lẹ̀ kí ẹ rò pé tiyín ni.

Waliyah ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Ó ní, "Ìyá, ẹ ti kọ̀wé jù láti àárọ̀, ẹ sinmi. Kí lẹ ń kọ gan-an?"

Mo ní, "Lẹ́tà."

"Sí ta ni?"

Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Sí ìwọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìka dán ẹ̀kọ náà wò kó má baà jó mi lẹ́nu. Ó ní, "Sí èmi tí mo wà níbí? Ìyá, ta ló fẹ́ kà á fún mi, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin náà?"