Àyà Ni Wọ́n Wí, Orí Lẹ Kọ

Ìyá Hamdalah lẹ ṣẹ̀, sà. Sìdíkátù opó Jibril, tó ń ránṣọ ní Ìjẹ̀gùn, àwọn lẹ ṣẹ̀, láti àárọ̀ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ẹ ti gbé fọ́tò wọn kọ́ sórí pátákó gàgàrà ní oríta Ìkòtùn, tí ayé ń wò ó lọ, tí ayé ń wò ó bọ̀. Ẹ má wulẹ̀ ní kí n jókòó. Àga yín dára, mo rí i pé ó rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi wá sí Gowon Estate láàárọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni Olúwadọ̀tun, ọmọ Julius tó máa ń bá yín tún fíríìjì ṣe. Bàbá mi wà dáadáa. Wọn ò rán mi wá o, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo wá, torí ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọ́n á ní èèyàn ńlá ni Ẹnjíníà Akínlẹ́yẹ, pé kí n rọra. Mo ti ń rọra láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, sà. Inú ilé kan náà lèmi àti Ìyá Hamdalah ń gbé, ògiri kan ló wà láàárín wa. Tí èèyàn bá ń sunkún lẹ́yìn ògiri yín, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe máa rọra.

Àbí ẹ ti gbàgbé pé ẹ̀yin lẹ wá bá wa ni? A ò pè yín. Ẹ ní ẹ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó máa kọ́ àwọn tí iná páìpù epo tó bẹ́ ní Ìjẹ̀gùn lọ́dún 2008 ṣe lọ́ṣẹ́ bí wọ́n á ṣe máa gbé ọkàn wọn ró. Ó dáa, ẹ ṣeun. Ẹ ní ẹ̀yin ni alága, pé àwọn olùdámọ̀ràn sì wà lẹ́yìn yín. Mo lọ wo àwọn olùdámọ̀ràn náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ló ká apá mọ́ àyà bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì ní báǹkì. Ọ̀kan ń ta ínfátà. Mo rí dókítà kan níbẹ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn, àfìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ tí mo rí i pé dókítà eyín ni. Èyí tó kù, Houston ló ń gbé, inú kọ̀ǹpútà ló ti ń dámọ̀ràn. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣí ètò yẹn, ó ní "Ẹ̀yin èèyàn mi," bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá a dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ níwájú wa títí a fi jẹ ráìsì tán. Nínú gbogbo yín, ta ló ń gbé Ìjẹ̀gùn? Ta ló ti gun ọ̀kadà wọ ibẹ̀ rí lásìkò òjò? Mo kàn ń béèrè ni, sà.

Kí lẹ wá kọ́ wọn? Ẹ ní kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n mí síta. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu fèrèsé gbọ̀ngàn, èéfín ń wọlé wá, ẹ wá ní kí àwọn tó fẹsẹ̀ sá fún èéfín lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn mí sínú dáadáa. Ibẹ̀ ni Ìyá Hamdalah ti dìde. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ẹ̀rọ yẹn. Tí mo bá ti gbóòórùn epo, àyà mi máa ń já." Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń pín omi. Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì jókòó.

Àyà mi máa ń já. Ta ni àyà rẹ̀ kì í já? Ajá bá gbó lójijì lẹ́yìn ilé, àyà tiyín náà á já, tẹ̀yin ti mẹ́gáàdì yín. Obìnrin tí iná gba ọkọ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fi máṣìnì ìránṣọ tọ́ ọmọ dàgbà láìtọrọ jẹ, tí wọ́n wá ní òórùn epo ń já àwọn láyà, ọ̀rọ̀ ẹni tórí rẹ̀ pé pérépéré nìyẹn jàre. Ẹni tí irú iná yẹn jó níṣojú rẹ̀, tí òórùn epo ò wá já a láyà mọ́, ẹ ò rí i pé ẹni tó yẹ ká wá dókítà fún nìyẹn?

Ṣùgbọ́n ayafọ́tò yín ti yà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń fi etí ìborùn nujú. Èéfín jẹnẹrétọ̀ yín ló kó sí wọn lójú, ẹ ní ẹkún ìwòsàn ni. Ẹ wá lọ kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà, ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: "Orí mi ti dàrú rí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti le báyìí." Ẹ sì kọ orúkọ wọn sí i, Sìdíkátù, Ìjẹ̀gùn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mọ̀.

Ẹ ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ túmọ̀ rẹ̀? Láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní risíliẹ́ǹsì lẹ̀ ń wá Yorùbá fún, pé ọkàn líle ni. Ọkàn líle, sà? Ọkàn líle tó sọ Fáráò sínú òkun? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì? Tó bá jẹ́ ọkàn líle lẹ fẹ́ máa kọ́ àwọn èèyàn, Fáráò gan-an ló yẹ kí ẹ fi ṣe olùdámọ̀ràn, kóun náà wá ká apá mọ́ àyà. Kí ló ṣe ìfàyàrán? Ọ̀rọ̀ yẹn wà nílẹ̀, àyà tiẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìyá Hamdalah ti ń fàyà rán an kí ẹ tó gbé bánà dé rárá. Àyà ni wọ́n wí fún yín, orí lẹ kọ. Ẹ wá mú ọkàn tí ẹnikẹ́ni ò bi yín léèrè, ẹ mú un le.

Ẹ̀yin náà ti fọmọ fọ́kọ, ẹ mọ ohun táwọn àna máa ń wádìí. Ṣé wárápá wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ń jalè níbẹ̀, ṣé wèrè wà nínú ìdílé. Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ẹ̀, aládùúgbò á sì rọra dáhùn. Ẹ̀yin lẹ gbé ìdáhùn kọ́ sójú títì kí àwọn àna tó dé. Ṣàfíù, káfíńtà Ìdímù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló ń fẹ́ Hamdalah. Ọjọ́rú làwọn àgbà ilé wọn ní kí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin wá wo ilé ìyàwó. Ìyá yẹn sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìkòtùn, wọ́n gbójú sókè, wọ́n bá pàdé ìyá ìyàwó lókè lọ́hùn-ún tó ń nujú. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n mọ̀wé kà. Wọn ò dé Ìjẹ̀gùn. Wọ́n wọ ọkọ̀ padà sílé, wọ́n wá pe Ṣàfíù pé, "A ò bá ọmọ náà jà. Pátákó ló bá wa sọ̀rọ̀." Ọjọ́ Àìkú yìí ni wọ́n fẹ́ jókòó fòpin sí i.

Ẹ ní kí ni? Kí Hamdalah wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, kó lè fara dà á? Ẹ gún èèyàn lọ́bẹ tán, ẹ wá ń polówó báńdéèjì fún un.

Ẹ ní kí n mí sínú. Èmi náà. Mo ti mí sínú, sà, mo sì ti mí síta, pátákó ṣì wà níbẹ̀.

Kí lẹ ní ẹ máa lẹ̀ bo èyí tó wà níbẹ̀? "Orí wọn ti pé báyìí"? Ẹ jẹ́ kí n fara ti ògiri ná. Ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ sójú títì pé orí rẹ̀ ti pé, kí ni wọ́n ń sọ pé ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ tiyín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: "Ẹnjíníà Akínlẹ́yẹ kì í jalè mọ́." Kò dùn mọ́ yín? Ọ̀rọ̀ rere mà ni, sà.

Ẹ ní ó ti wá di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Àfi kí àwọn olùdámọ̀ràn jókòó, àfi kí ti Houston dá sí i. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tú u sílẹ̀ ni? Nígbà tí ẹ fẹ́ gbé fọ́tò obìnrin gòkè, ìgbìmọ̀ wo ló jókòó? Ta ló bi wọ́n léèrè?

Ẹ lè máa sọ pé mo fẹ́ràn wàhálà. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kó àwọn ọ̀dọ́ jáde nítorí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Èyí yàtọ̀. Hamdalah ò bá ìyá rẹ̀ jà, ì bá sàn ká ní ó bá wọn jà. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni, ó ń tú ojú rírán aṣọ tí ìyá rẹ̀ ti rán dè yìgì, ìyá ń wò ó. Àná ni Ìyá Hamdalah pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Dọ̀tun, ìwọ tó kàwé, ṣé ó ṣeé ṣe kórí èèyàn ti dàrú kóun fúnra ẹ̀ má mọ̀?" Wọ́n ní bóyá lóòótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé ò lè dédé kọ ọ́.

Ohun tí mo bá wá ò le. Ẹ já pátákó yẹn wálẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bá wa wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dúró níwájú àwọn àgbà ilé Ṣàfíù, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn pé àyà ni obìnrin yìí wí, pé ẹ̀yin lẹ kọ orí. Ẹ ò ní mú olùdámọ̀ràn kankan dání.

Ẹ má wo fóònù, sà, kò dún.

Ẹ ti tún ká apá mọ́ àyà. Kò sẹ́ni tó ń yà yín ní fọ́tò níbí. Ẹ tú apá yín sílẹ̀, kí ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹ máa bá wa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́?