Kẹ́tùrù Pupa Ojú Ọkọ̀ Baba Ngosa

Baba Kapembwa, àgbà atọ́kọ̀ṣe àdúgbò wa ní ìlú Kitwe ní Zambia, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé àwòrán pupa tó ń tàn lójú ọkọ̀ Baba Ngosa kì í ṣe kẹ́tùrù. Ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti sọ ọ́. Èsì tí mo fọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò sì lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí ọkọ mi kú, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀ kí ó lè kọ ohun tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì sójú rẹ̀. Mi ò mọ̀wé kà nígbà náà. Ibi tí ọkọ mi máa ń tẹ̀ nìkan ni mo mọ̀: bọ́tìnì òsì ń mú ọ̀rọ̀ jáde, ti ọ̀tún ń pa iná ìkìlọ̀ ojú ọkọ̀ rẹ́. Àwọn tí agbára wọn kò ká ilé iṣẹ́ ńlá ló ń wá bá mi. N óò tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, n óò mi orí, n óò sọ ohun tó bá wá sí mi lẹ́nu. Bí iná bá kú, wọ́n á dúpẹ́. Bí ó bá tún tàn, n óò ní bẹntiróòlù burúkú ni wọ́n rà. Irú ènìyàn wo ni mo jẹ́?

Ibẹ̀ ni Baba Ngosa wá bá mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró níbi ìwakùsà bàbà ni, gbogbo owó tí wọ́n fún un ló sì fi ra ọkọ̀ àlòkù láti Japan, kí ó máa fi ṣe tákìsì. Kò ní ọkọ̀ rí. Iná méjì ló tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀: ọ̀kan ní àwọ̀ ọsàn, ìkejì pupa, ó rí bíi kẹ́tùrù tí a fi ń se omi tíì, tí nǹkan ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Kasuba, kí ló kọ?" Mo ní, "Omi ni. Ṣé ẹ ò rí kẹ́tùrù ni? Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Á jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi ni." Ó bu omi kún rédíétọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì, iná ọsàn kú, ṣùgbọ́n kẹ́tùrù kò kúrò.

Ó padà wá, ó tún padà wá. "Ó tún ti tàn o!" "Ẹ ti bu omi sí i?" "Omi kẹ̀! Omi tí ọkọ̀ yìí mu, ìyàwó mi ò rí èyí tó máa fi ro ọkà nshima mọ́." Mo ní kó pààrọ̀ bátìrì, ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ rẹ̀. Inú ń bí mi sí iná, inú ń bí mi sí ọkùnrin náà, nítorí ìdáhùn wà lójú ẹ̀rọ, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó, a ò gbọ́ èdè ara wa. Kí n ṣáà ti sọ pé mi ò mọ̀wé! Ìtìjú kò jẹ́. Mo gé téèpù dúdú, mo fi bo kẹ́tùrù náà. Mo ní, "Ó tán. Iná yìí ló ń parọ́, ọkọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì kígbe lójú ọ̀nà Ndola, ó dákẹ́, kò sì fọhùn mọ́. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Baba Kapembwa. Baba fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó gbẹ táútáú. Wọ́n ṣí téèpù. "Ta ló bo èyí? Agolo ọ́ìlì nìyí, kì í ṣe kẹ́tùrù! Ọkọ̀ ń ké pé ọ́ìlì tán, ẹ dì í lẹ́nu!" Gbogbo ojú yí sí mi. Ìyá Ngosa wà níbẹ̀, ó pọn ọmọ. Ibí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo ní, "Mo sọ fún Baba Ngosa. Mo ní kí wọ́n ra ọ́ìlì, wọn ò rà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n bo iná náà, kó má baà máa dẹ́rù ba èrò."

Ìyá Ngosa pàtẹ́wọ́. "Héè! Baba Ngosa! Ìwà ahun yín ti jẹ wá tán!" Ọkùnrin náà wò mí títí. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Kasuba. Bóyá mi ò gbọ́ yín dáadáa ni. Ariwo ìwakùsà ti ba etí mi jẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pariwo bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dití. Ìyàwó rẹ̀ kì í bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Èédú ni Baba Ngosa wá ń fi kẹ̀kẹ́ tà kiri. Èmi gba Olúwa, mo sì kọ́ ìwé ní ilé ìjọsìn pẹ̀lú ewú lórí. Ní ọjọ́ kan mo mú ẹ̀rọ náà jáde. Ọ̀rọ̀ tó kọ nípa ọkọ̀ Baba Ngosa ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ka á lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ́ìlì kò tó. Mo wọ bàtà mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi, "mi ò mọ̀" kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹ sọ ọ́ kó tó pẹ́.

Mo bá a níbi tó ti ń di àpò èédú mọ́ kẹ̀kẹ́. Mo kúnlẹ̀. "Baba Ngosa, mi ò dárúkọ ọ́ìlì fún yín rí. Omi ni mo sọ. Mo parọ́ mọ́ yín. Ẹ forí jì mí." Ó ń fa okùn àpò náà lọ. Mo rò pé kò gbọ́, mo gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ má pariwo. Mo gbọ́ yín. Nígbà yẹn náà, mo gbọ́ yín." Ó so okùn náà le. "Ìyàwó mi wà nílé. Ẹ lọ sọ ọ́ lójú ẹ̀." Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo sì mọ̀ pé ó ń gbọ́. Kò wẹ̀yìn.